Ìbéèrè tí àwọn ẹbí máa ń bi wá nípa iṣẹ́ abẹ àtúnṣe lẹ́yìn kánsà ẹnu, ọ̀fun àti ọrùn

Ẹ kú ìrọ́jú o. Nọ́ọ̀sì ni mí n'Íbàdàn níbí, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní kánsà ẹnu àti ọ̀fun ni mo wà. Àwọn kan ń wá láti Bódìjà àti Mọ́lété, àwọn míì láti Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ìbéèrè wọn sì máa ń jọra gan, ní kọ́rídọ̀, lórí fóònù, nígbà míì láàárín òru. Mo wá kó wọn jọ síbí. Ohun tí gbogbo wọn fẹ́ mọ̀ ni pé kí ló dé tí ẹnì kan á ṣe iṣẹ́ abẹ yìí tí á bọ́ níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ẹlòmíì á wá wà ní wọ́ọ̀dù fún oṣù méjì. Tèmi ni pé púpọ̀ nínú ohun tó ń fa wàhálà ti wà lára èèyàn kí abẹ tó kàn án, ẹbí sì máa ń mọ̀, wọn ò kàn sọ ọ́ ni.

Iṣẹ́ abẹ àtúnṣe wo gan? Ṣebí wọ́n kàn máa gé kánsà yẹn kúrò ni?

Gígé ẹ̀ kúrò, ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá gé ìdajì ahọ́n, tàbí egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀, tàbí apá kan ọ̀nà ọ̀fun, ihò ńlá ló máa ṣẹ́kù, èèyàn ò sì ní lè jẹun, kò ní lè sọ̀rọ̀ dáadáa, itọ́ á kàn máa ṣàn síta. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń mú ẹran àti awọ níbòmíì lára aláìsàn yẹn fúnra ẹ̀ láti fi dí i. Flap ni àwọn dókítà ń pè é, àwa náà ń pè é ní flápù.

Oríṣi méjì la sábà máa ń rí. Ti àkọ́kọ́, wọ́n á gé ẹran àyà, wọ́n á yí i gòkè sí ọrùn tàbí ẹnu láìjá a kúrò lára iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Dókítà Ariyan ní Amẹ́ríkà ló kọ nípa ẹ̀ ní 1979, wọ́n ṣì ń lò ó dáadáa torí kò nílò máíkíróskópù. Ti èkejì, wọ́n á gé e kúrò pátápátá láti apá tàbí itan tàbí ẹsẹ̀ (egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun ni wọ́n fi ń ṣe àgbọ̀n tuntun), wọ́n á wá rán iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́ ti ọrùn lábẹ́ máíkíróskópù, òwú tí wọ́n fi ń rán an tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ó lè gba wákàtí 8, ó lè tó 12. Nítorí náà tí wọ́n bá gbé wọn wọ tíátà láàárọ̀ tí ilẹ̀ wá ṣú tí ẹ ò tíì rí wọn, ẹ má dààmú, kì í ṣe pé nǹkan ti bàjẹ́.

Wọ́n ní flápù lè "kú". Ṣé aláìsàn ló máa kú ni?

Rárá o. Ẹran tí wọ́n gbé wá yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wá wo nǹkan míì fi dí i. Níbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ yìí dunjú, tí wọ́n bá ṣe 100, ó máa ń lé ní 95 tó yè. Àmọ́ flápù lè yè kí nǹkan míì ṣì ṣẹlẹ̀: ojú abẹ lè kẹ̀, ó lè ṣí, itọ́ lè máa jò gba ọrùn, òtútù àyà lè kì wọ́n mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí ẹsẹ̀. Àwọn yìí la máa ń rí jù.

Bàbá wa ti lé ní 75. Ṣé wọn ò ti dàgbà jù?

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ la ń wò. Bàbá ẹni 78 tó ṣì ń gun òkè Mọ́kọ́lá láìmí hẹlẹ lè ṣe dáadáa ju ẹni 55 tí ọkàn ẹ̀ ò lágbára tó sì ń rù lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò ni ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, bóyá wọ́n ń dá wẹ̀, bóyá wọ́n ń dá rìn, kílò wọn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọpọlọ àgbàlagbà máa ń tètè dàrú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńlá, wọ́n lè máa sọ̀rọ̀ tí ò yé èèyàn fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ bá wa mú gíláàsì ojú wọn wá, àti ẹ̀rọ etí tí wọ́n bá ń lò ó, kí ẹni tí wọ́n mọ̀ sì máa jókòó tì wọ́n, ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́ gan.

Wọ́n ti jáwọ́ nínú sìgá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ti tó àbí?

Ó dáa ju kí wọ́n ṣì máa fà á lọ, ṣùgbọ́n kò tíì tó. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ní 2020 pé ẹni tó bá ti jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán kó tó ṣiṣẹ́ abẹ, wàhálà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ máa dín kù fún un, pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá tún lé sí i á fi bíi 19% mú kó dáa sí i. Nicotine inú sìgá ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, èéfín ẹ̀ sì ń gba àyè atẹ́gùn tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ gbé dé ojú abẹ, ẹ ṣáà mọ̀ pé iṣan kékeré kan ṣoṣo ni flápù yẹn gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀dọ̀fóró tún wà níbẹ̀: ẹni tó ti fa sìgá fún ọgbọ̀n ọdún máa ń ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ púpọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn ló sì ń di òtútù àyà tó bá ti dùbúlẹ̀.

Aáṣà ńkọ́? Shisha ńkọ́? Vape ńkọ́? Nicotine wà nínú gbogbo wọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Àmọ́ ẹ má torí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí ní kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú o, kánsà ò ní dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n jáwọ́ lónìí.

Kí ló dé tí dókítà ń bi wá léraléra nípa ọtí? Pásítọ̀ ni bàbá wa.

A gbọ́, sà. A ṣì máa bi yín.

Ara ẹni tó ń mu ọtí lójoojúmọ́ ti mọ́ ọn lára. Tí wọ́n bá dédé gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ torí pé ó wà ní wọ́ọ̀dù, láàárín wákàtí 6 sí 24 ọwọ́ ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa làágùn, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ó lè máa rí ohun tí ò sí níbẹ̀, á fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á fa túùbù imú ẹ̀ yọ, á yí ọrùn síbí sọ́hùn-ún, ọrùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán iṣan tín-ín-rín sí! Tí a bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, oògùn wà fún un, a máa ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Tí a ò bá mọ̀, àárín òru la máa tó mọ̀.

Paraga, ọtí ni. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Tí ẹ ò bá lè sọ ọ́ níwájú ẹbí, ẹ pe nọ́ọ̀sì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Màmá wa ti rù gan torí wọn ò lè gbé oúnjẹ mì. Ṣé ìyẹn náà ní nǹkan ṣe?

Ó ní nǹkan ṣe gan-an, èmi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ohun míì wà tó ń yọ wá lẹ́nu tó o. Tí èèyàn bá ti pàdánù ju 10% kílò ẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́fà, bí àpẹẹrẹ ẹni 70 kílò tó wá di 62, ara ò ní ohun tó fẹ́ fi jiná. Ojú abẹ á ṣí, kòkòrò á ráyè wọlé. Torí ẹ̀ ni dókítà fi lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi túùbù gba imú wọn, kí wọ́n fi máa fún wọn lóúnjẹ dáadáa fún ọjọ́ 7 sí 14 kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Àwọn ẹbí máa ń bínú sí túùbù yìí, "ṣé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀ ni?" Kò burú, a kàn ń kó agbára sí wọn lára ni.

Ohun tí ẹ máa gbà á láyè: ọ̀gì tí mílíìkì àti sóyà wà nínú ẹ̀, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n sì sẹ́, ẹyin, ẹja tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọbẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ rí ni kí wọ́n máa fi glúkóòsì àti máltì nìkan gbé màmá ró fún odidi ọ̀sẹ̀, ìyẹn ò ní purotéènì tó lè ṣe nǹkan gidi. Ẹ̀kejì, tí wọn ò bá tíì jẹun dáadáa fún ọjọ́ pípẹ́, ẹ má rọ́ oúnjẹ sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni, dókítà á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí iyọ̀ ara lè dàrú kó sì mú ọkàn.

Tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá kéré, ó dáa kí wọ́n tètè mọ̀ kí wọ́n lè fún wọn lóògùn ayọ́ọ̀nù (iron, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀) ṣáájú. Ẹ má kàn máa sọ pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára kí wọ́n lè "gbóná", ẹ̀jẹ̀ tí ò nídìí náà ní wàhálà tiẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá.

Wọ́n ti ṣe rédíéṣọ̀n fún wọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kánsà yẹn ló padà. Ṣé ó máa ṣòro?

Ó máa ṣòro díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ibi tí rédíéṣọ̀n (ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa kánsà) ti kọjá, awọ ẹ̀ máa ń le gbagidi, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ á le, á sì dín kù, ojú abẹ kì í tètè jiná. Itọ́ tó ń jò gba ọrùn, irú àwọn wọ̀nyí ló máa ń ṣe jù, pàápàá tó bá jẹ́ pé gògóńgò ni wọ́n fẹ́ yọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè mú ẹran tuntun láti àyà, níbi tí rédíéṣọ̀n ò dé, láti bò ó, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ihò náà ò tóbi púpọ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rò. Rédíéṣọ̀n ọrùn lè sọ ẹṣẹ́ táírọ́ìdì tó wà níwájú ọrùn di ọ̀lẹ, tí táírọ́ìdì bá sì ti lọọlẹ̀, egbò ò ní jiná bó ṣe yẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ló máa fi hàn, oògùn ẹ̀ ò sì wọ́n. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣe é.

Ẹ bá wa wá ìwé rédíéṣọ̀n yẹn: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, iye tí wọ́n fún wọn, apá ibi tí wọ́n tàn án sí. Kódà tó bá jẹ́ Èkó ni wọ́n ti ṣe é, ẹ lọ gbà á wá.

Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹ́nótáìpù ńkọ́?

Ṣúgà tó ga ń bọ́ kòkòrò, ó sì ń fa egbò sẹ́yìn. Ní wọ́ọ̀dù, a máa ń fẹ́ kó wà lábẹ́ 180 mg/dL, torí ẹ̀ la ṣe ń gún ìka wọn ṣáá. Ẹ̀jẹ̀ ríru: ẹ má dá oògùn ẹ̀ dúró fúnra yín, tó bá dédé ga sókè lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ lè dà sábẹ́ awọ ọrùn, ìyẹn á sì tẹ iṣan flápù pa. Ẹni tó bá ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, irú bíi aspirin, clopidogrel tàbí warfarin, kó sọ fún dókítà, dókítà ló máa sọ ọjọ́ tó máa dá a dúró. Ẹni tó bá jẹ́ SS gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó di pé wọ́n dájọ́ rárá, torí ibi tí atẹ́gùn ò ti tó ni ẹ̀jẹ̀ SS ti máa ń ká, flápù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán sì máa ń wà láìsí ẹ̀jẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹni tó jẹ́ AS, ẹ ṣáà sọ ọ́.

Àgbo tí wọ́n ń mu, ṣé kí wọ́n dá a dúró?

Kí wọ́n dá a dúró, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n sì sọ pé àwọn ti ń mu ún. Mi ò bú àgbo o, ìyá tèmi náà ń mu ún. Ṣùgbọ́n aáyù púpọ̀ àti ata ilẹ̀ púpọ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni àwọn àgúnmu tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, tí èèyàn á mu tí gbogbo oríkèé á fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, àwọn kan wà tí wọ́n ti po sítẹ́rọ́ìdì mọ́. Sítẹ́rọ́ìdì ń gbé ṣúgà sókè, kì í sì í jẹ́ kí ojú abẹ jiná. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù kan, tìgò tìgò, ká jọ wò ó.

Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó bẹ́ẹ̀dì pé kí ẹnikẹ́ni má gún ọwọ́ òsì wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Apá yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé flápù, ọwọ́ tí wọn kì í fi jẹun ni wọ́n sábà máa ń lò. Tí a bá ti fi dírípù gún un, iṣan ibẹ̀ lè wú tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹ̀, iṣan yẹn ò wúlò mọ́ nìyẹn. Ẹ bá wa ṣọ́ ọ o, torí nọ́ọ̀sì òru lè má tètè kà á, ẹ kàn sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ ọ̀tún ni."

Ẹ tún máa rí dókítà tó ń ṣe nǹkan kan tó jọ eré: á ní kí bàbá di ẹ̀ṣẹ́, á fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ọrùn ọwọ́ wọn lápá méjì, á ní kí wọ́n la ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ á ti funfun. Á wá tú àtàǹpàkò kan, ti apá ọmọńdinrín, á máa wò ó. Tí àtẹ́lẹwọ́ bá padà pọ́n kíákíá, iṣan kan yẹn nìkan tó gbé ọwọ́, wọ́n lè mú ìkejì lọ. Tí kò bá padà, wọ́n á wá ibòmíì.

Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n sùn? Wákàtí wákàtí lẹ ń tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lẹ́nu.

Ẹ forí jì wá, ṣùgbọ́n a ò ní dẹ́kun. Tí nǹkan bá máa ṣe iṣan flápù, láàárín wákàtí 72 àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, tí wọ́n bá sì tètè gbé wọn padà sí tíátà, wọ́n lè gbà á là. A máa ń wo àwọ̀ ẹ̀, a máa fọwọ́ kàn án bóyá ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a máa tẹ̀ ẹ́ ká wo bó ṣe ń padà pọ́n, bíi ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3 ló dáa. Tó bá funfun tó tutù, ẹ̀jẹ̀ ò wọlé. Tó bá dúdú bíi àwọ̀ aró tó sì wú, ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rọ́nà jáde, bíi gọ́tà tí wọ́n da ìdọ̀tí sí l'ójò. Èyí tí kò rọ́nà jáde yìí la máa ń rí jù.

Ohun tí ẹbí lè ṣe: ẹ má so nǹkankan mọ́ ọrùn wọn. Okùn tó di túùbù ọ̀fun (èyí tí wọ́n ń gbà mí) mú pàápàá, a ò ń so ó le, nígbà míì wọ́n á rán túùbù yẹn mọ́ awọ dípò okùn. Mo ti bá áńkáṣífù tí wọ́n ta òróró sí níbẹ̀ rí, mo ti bá ońdè. Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà, ẹ fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Orí wọn ò sì gbọ́dọ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ tí dókítà ní kó má yí sí.

Ẹnì kan ní wọ́n ń fi eṣúṣú sí i lókè òkun. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá rọ́nà jáde nínú flápù, eṣúṣú á máa fà á títí ara á fi la ọ̀nà tuntun. Àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2004. Wọ́n ń sìn wọ́n fún iṣẹ́ yẹn ni, wọ́n á sì tún fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò, kì í ṣe èyí tí ẹ bá mú nínú odò Ọ̀gùnpa o.

Ọjọ́ kẹrin rèé, ebi ń pa wọ́n. Ṣé a lè fún wọn lọ́gì díẹ̀ lẹ́nu?

Rárá. Ẹ má ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n rán nínú ẹnu tàbí ọ̀fun ò tíì lẹ̀, ọ̀gì tí ẹ fún wọn á gba ibẹ̀ jáde sí ọrùn, tòun ti itọ́ àti kòkòrò ẹnu. Ìgbà tó tó bíi ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni dókítà á tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ti ṣe rédíéṣọ̀n rí á tún pẹ́ sí i. Títí dìgbà yẹn, túùbù ló máa bọ́ wọn.

Láti bíi ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá ni kí ẹ la ojú yín: tí ọrùn bá pọ́n, tó ń wú, tó ń rùn, tàbí tí omi tó ń yọ̀ bíi itọ́ bá ń jáde níbi tí wọ́n rán, ẹ pè wá. Púpọ̀ nínú ẹ̀ máa ń dí fúnra ẹ̀ tí a bá ń wẹ ojú egbò dáadáa tí oúnjẹ ò sì gba ẹnu. Kí wọ́n máa fọ ẹnu náà, kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pàápàá. Eyín tó ti jẹrà, kí wọ́n ti bójú tó o ṣáájú.

Ọjọ́ kejì péré, ẹ ní kí wọ́n dìde jókòó. Ṣé ẹ ò lójú àánú?

Àánú gan ló ń ṣe wá. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja ni òtútù àyà ń mú, òun náà ni ẹ̀jẹ̀ ń dì sí lẹ́sẹ̀. Ẹ bá wa gbé wọn jókòó.

Irun ti ń hù nínú ẹnu wọn!

Awọ apá tàbí itan ni, ibi tó ti wá ló ṣì rántí. Tí wọ́n bá ṣe rédíéṣọ̀n lẹ́yìn ẹ̀, ó sábà máa ń re dànù.

A ti délé báyìí. Kí ló yẹ kó lé wa padà kíákíá?

Ẹ̀jẹ̀. Kódà kó jẹ́ díẹ̀ tó dá fúnra ẹ̀ dúró. Ẹni tí ọrùn ẹ̀ ti kẹ̀ tàbí tí itọ́ ti ń jò níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yẹn lè jẹ́ pé iṣan ńlá ọrùn ló fẹ́ bẹ́. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọn-in, ẹ má dí ihò túùbù ọ̀fun, ẹ wọ mọ́tò lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ibà, èémí tó ń há, flápù tó yí àwọ̀ padà, àwọn náà ò ṣeé fi sùn.

Wọ́n ní rédíéṣọ̀n ṣì kù. Ṣé a ò lè sinmi fún oṣù mẹ́ta ná?

Ẹ ò lè sinmi tó bẹ́ẹ̀. Tí dókítà bá ti ní wọ́n nílò ẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ kánsà á máa ráyè padà. Ohun tí mo sì fi ń lé yín káàkiri nípa sìgá, oúnjẹ àti ọ̀gì nìyẹn, torí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí egbò fi ṣí sílẹ̀, inú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí ló ti ń yọ ọ́. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó ẹ̀, kí ẹ sì lọ gba déètì ní rédíéṣọ̀n kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, torí ẹ̀rọ yẹn máa ń ní èrò, nígbà míì ó sì máa ń bàjẹ́.